Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Òsì

Òórùn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú: epo ẹ́ńjìnnì, òógùn, àti adìyẹ tí wọ́n fi ọtí kíkan àti aáyù sè. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, ní apá Northeast ní Calgary. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún irinṣẹ́ ìwalẹ̀ epo ṣe ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí owó epo rọ̀bì tó já wálẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, wọn ò rí òórùn rẹ̀ kó. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ lákòókò náà ni onílé ṣe gbà kí ọkùnrin ará Philippines kan máa kọ́ àwọn èèyàn níjà níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni mo jókòó láti sọ ìtàn rẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, owú tèmi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹnjiníà epo ni mí nígbà náà, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ara mi. Mo wá kàwé ní Calgary láti Nàìjíríà, mo jáde, wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì gíga kan ní downtown, mo sì ń ya fọ́tò ara mi níwájú fèrèsé ránṣẹ́ sílé. Kò pé ọdún méjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan wọ́n pe àwa mélòó kan sínú yàrá, wọ́n fún wa lómi mu, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dun àwọn, wọ́n ní ká kó ẹrù wa. Mo gbé páálí mi wọ train. Àwọn mẹ́ta míì wà nínú train náà tí wọ́n gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ lé itan, kò sì sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Inú basement kan ní Castleridge ni mo ń gbé, PR mi, ìwé ìgbélùú, ò tíì jáde, mi ò sì sọ fún wọn nílé. Bàbá mi á pè mí lórí fóònù, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, èmi náà á dáhùn pé ẹ ṣé, sà, níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ìrẹsì ló gbé mi débẹ̀. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa bọ̀ láàárọ̀, kó wá gbá nǹkan, ọ̀fẹ́ ni. Mo lọ. Gbogbo àwọn tí mo bá níbẹ̀ ló ń pe kóòṣì ní Kuya, mo sì rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, ṣé mo wá lè máa pe ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ lórúkọ lásán? Mo fi bọ̀dá sí i. Bọ̀dá Kuya níhìn-ín, Bọ̀dá Kuya lọ́hùn-ún. Oṣù kan gbáko kọjá kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní kuya lédè wọn. Àṣé Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni mo ti ń pe ọkùnrin náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kuya nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn rẹ̀, torí kì í ṣe ẹni tó ń ròyìn ara rẹ̀. Ìlú apẹja kan létí òkun ni wọ́n bí i sí. Níbẹ̀, nígbà ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń ta okùn sí gbangba fún àwọn ọmọdé láti kan ẹ̀ṣẹ́, ìrẹsì sì ni ẹ̀bùn ẹni tó bá borí. Ó tó ọmọ ogún ọdún kó tó wá bá àǹtí rẹ̀ ní Calgary. Wọ́n gbà á síṣẹ́ níbi tí wọ́n ń to páìpù epo jọ sí, á ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, á lọ kọ́ ìjà nírọ̀lẹ́. MMA ni wọ́n ń pe irú ìjà náà: ẹ̀ṣẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ta ara wọn nípàá, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àgò onírin. Ọlọ́wọ́ òsì ni Kuya. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló ti mọ́ àwọn tó ń bá a jà lára, kí wọ́n tó mọ ibi tí tirẹ̀ gbà wọlé, wọ́n ti wà nílẹ̀. Ó jà ní àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké káàkiri Alberta, ó gba ìgbànú, wọ́n sì ti ń sọ pé wọ́n á pè é sí America. Ìjà tó yẹ kó gbé e lọ ni wọ́n ti fọ́ egungun ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, ojú náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Dókítà ní tí wọ́n bá tún gbá a níbẹ̀, ojú náà á lọ pátápátá. Oṣù yẹn náà ni wọ́n ní kó má wá síbi iṣẹ́ páìpù mọ́. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Ó ní ojú kan tó kù ṣì tó òun láti fi wo ọmọ ẹlòmíràn.

Fún bí oṣù mẹ́fà, èmi ni ọmọ ẹlòmíràn tó ń wò. Èmi ló ń kọ́kọ́ gbé awọ ìgbẹ̀ṣẹ́ fún láàárọ̀, èyí tó ń kì bọ ọwọ́ kí a máa gbá a, èmi ni mo sì ń jẹun nínú abọ́ tó ń gbé wá láti ilé. Ó ní mo lágbára, mo gbọ́ràn, mi kì í sì í pẹ́ dé. Ẹni tí wọ́n ti lé níbi iṣẹ́ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rọ̀ séèyàn lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ òsì ṣí ìdérí ike omi, ó sì dìde dúró. Mo jẹ́wọ́ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi. Mo sọ bí ìyá mi ṣe máa ń fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ mi lára tí mo bá fẹ́ jẹun, bí wọ́n ṣe ń fi ata pa á, bí tíṣà ṣe ń fi pàṣán gbá a. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí títí tó fi wọ̀ mí lára, nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méje mo ti di ọlọ́wọ́ ọ̀tún bí gbogbo ayé. Inú Kuya dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbìyànjú láti jí ọwọ́ náà. Kò jí. Ẹ̀ṣẹ́ òsì mi ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀. Níkẹyìn ó ní ká fi í sílẹ̀, ọ̀tún mi náà dára. Mo ní kò burú. Ó burú.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú ọmọ náà wá. Màmá àgbà kan wà ní òpópónà kejì sí basement mi, ará Ọ̀yọ́, tí ọmọ wọn obìnrin mú wá láti bí ogún ọdún sẹ́yìn láti wá tọ́jú àwọn ọmọ kí wọ́n má baà máa gbé wọn lọ sí daycare. Ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú snow la ti mọra. Màmá ò gbọ́ English, kò sì sẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀ lójú pópó, tí wọ́n bá rí mi wọ́n á dì mí mú títí bọ́ọ̀sì mi fi máa lọ. Gbogbo ẹjọ́ wọn ni mo mọ̀. Èyí tó ń dùn wọ́n jù ni ti àkọ́bí ọmọ ọmọ wọn, ọmọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní láti kékeré ni àwọn ti ń bá ọwọ́ náà jà, kí tíṣà tó ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi agbára yí ọmọ lọ́wọ́ padà nílẹ̀ yìí. Títí dọ̀la, tí àlejò bá wá sílé tí ọmọ náà na òsì sí wọn, ojú á máa ti àwọn. Ọmọ náà ti pé ogún ọdún wàyí, iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orí àga ló ń sùn sí. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú un dání.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú ilé wọn ni pé Màmá á sọ Yorùbá, ọmọ á fi English dá wọn lóhùn. Ṣé o ti jẹun? I'm good, Mama. Níbo lò ń lọ? Just out. Mo fi í wé àwọn ọmọ wa míì tí wọ́n bí síbẹ̀, mo dá ẹjọ́ rẹ̀: kò gbọ́ Yorùbá, òyìnbó dúdú ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró síbẹ̀ ná. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Kuya, mo sì sọ fún Màmá pé eré ìdárayá ni a ń ṣe níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní tó dé, Kuya ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ náà fi òsì gbá àpò ńlá tí a so kọ́, ó sì dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpò gàrí láti orí mọ́tò. Kuya rọra gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abọ́ tí èmi àti òun jọ ń jẹun nínú rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé awọ fún. Èmi ní láti dúró. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ òsì sí ọwọ́ òsì ṣeré, ṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jọ ti ìyá kan náà wá. Mo jowú. Mi ò ní orúkọ míì tí mo lè pè é. Mo jowú bí ìyálé tí wọ́n ní kó wá se ọbẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Kí ni ọmọ yìí ṣe tí èmi ò ṣe? Wọ́n bí èmi náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Òjò tó rọ̀ sí ewúro ló rọ̀ sí ìrèké, ṣùgbọ́n ìyá tèmi ló fa tèmi tu nígbà tó ń hù, wọ́n sì ní kí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, mi ò rí. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ó ń bá mi gbé báàgì, ó ń dúró kí n kọ́kọ́ jókòó. Tó bá jẹ́ aláfojúdi ni, ara ì bá tù mí. Ọjọ́ kan wà tí òtútù mú un, tí Kuya bu omi gbígbóná fún un, tí èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò ìjà fún Kuya ní àyè kan ṣoṣo nínú eré tí àwọn tuntun ti máa jà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wọlé gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹni tó bá mú lọ ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún ara mi pé èmi ni. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọmọ yẹn lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní nǹkan míì tí mo lè fi ara mi hàn. Kuya pè mí sẹ́yìn, ó bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ náà lòun máa mú, pé òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa yé èmi tí mo jẹ́ àgbà. Mo ní ó yé mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ náà ní òun ò lè jà àfi tí Màmá bá fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ náà ti ní ohun tí Màmá bá ti sọ ni. Kuya ní kó lọ bi wọ́n, ọmọ náà ní rárá, èèyàn ńlá ló ń lọ bá èèyàn ńlá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi rò nínú ara mi pé Yorùbá tí kò gbọ́ ló ń fi ìwà ọmọlúwàbí bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe yíjú sí mi nìyẹn. Kuya ní èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè méjèèjì, kí n bá òun lọ bẹ Màmá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni a lọ. Kuya bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀, Màmá fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n dìde. Kuya wá tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ Màmá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ wọn nìyẹn. Ẹnu ya Màmá. Wọ́n bi mí pé ta ló bí ọmọ yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un, àdúrà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò tíì gbà rí láti ọjọ́ tí mo ti ń sin Màmá dé ibi bọ́ọ̀sì. Mo túmọ̀ àdúrà náà fún Kuya, mo gé e kúrú.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá. Kí n má purọ́, mo túmọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Kuya ní dókítà máa wà níbẹ̀, mo sọ ọ́. Ó ní ojú òun tó bàjẹ́ ni kò ní jẹ́ kí òun fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré, mo sọ ọ́, Màmá sì wo ojú náà pẹ̀lú àánú. Wọ́n bi mí bóyá ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kì í pa á jẹ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní hẹn-ẹn. Mo mọ irú hẹn-ẹn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbà. Mo rí i bí ó ṣe ń bọ̀, ọmọ náà á wọ àgò, á fi òsì yẹn gbá ẹnì kan lulẹ̀, Kuya á gbé e sókè, èmi á sì máa bá wọn ru ike omi. Ni Kuya bá na ọwọ́, ó gbé ọwọ́ òsì ọmọ náà sókè níwájú Màmá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Tell her this left hand will feed this family one day," ó ní. "Tell her just like that."

Ẹni tó bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Mo lè sọ pé ọmọ yín á là, ẹ óò sì jẹ nínú rẹ̀. Mo lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á gbé e débi gíga. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, òwe náà wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo wojú Màmá, mo tẹrí ba, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

"Màmá, wọ́n ní ọwọ́ òsì ọmọ yín yìí ló máa fi bọ́ yín."

Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí kóòtù, mo máa jàre, ìdí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹyin lohùn, àmọ́ tèmi ò bọ́, èmi ni mo jù ú sílẹ̀. Màmá fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn sórí itan.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá ọwọ́ yìí jà," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Wọ́n wá fẹ́ kó máa fi bọ́ mi lẹ́nu? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, ọmọ mi ò ní bá wọn ja ìjà kankan. Bá mi kí i pé ó ṣé tó wá."

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ohùn Màmá nìkan ló yé e. Nínú mọ́tò, Kuya bi mí bóyá òun ti ṣe ohun tí kò yẹ. Mo ní rárá o, àwọn àgbà wa ni wọ́n rí bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní mo ti gbìyànjú fún ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àyè náà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi múra, ọmọ náà ló sì ń ràn mí lọ́wọ́. Ó wo fídíò ọmọkùnrin ará ìlú Red Deer tí mo fẹ́ bá jà, ó kọ́ bó ṣe ń rìn, ó ń dúró bíi tirẹ̀ kí n lè máa gbá a. Lọ́jọ́ ìjà, òun àti Kuya ló dúró ní igun mi pẹ̀lú omi àti táwẹ́ẹ̀lì. Mo jà dáadáa ní abala kìíní, mo sọ ọ́ láìtijú. Ní abala kejì, ó ti rẹ ọmọ Red Deer, àmọ́ tí Kuya bá ti ń fi English kígbe ohun tí mo máa ṣe, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń gbọ́, wọ́n ń sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ! Ẹ gbé òsì fún un!"

Yorùbá Ọ̀yọ́ pọ́nńbélé. Ohùn Màmá gan-an ló wà nínú rẹ̀, kò lábùlà. Ọpọlọ mi kò lọ sí ibi ìmọ̀ràn náà rárá. Ilé Màmá ló lọ, orí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ọmọ náà jókòó sí, ó sì tún ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo yí orí padà láti wò ó. Nínú àgò, níbi tí wọ́n ti ń gbá èèyàn, mo yí orí padà. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́ tó bá mi kò tilẹ̀ le. Nígbà tí mo lajú, àwọn iná òkè àjà ni mo kọ́kọ́ rí, mo wá rí ojú Kuya tó ń ríran, ó ń bi mí pé kí ni ọjọ́ òní.

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, Kuya lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó ku èmi àti ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń tú báńdéèjì ọwọ́ mi.

"Ìwọ gbọ́ Yorùbá?" mo bi í.

"Màmá ló tọ́ mi, ẹ̀gbọ́n."

"English lo máa ń fi dá wọn lóhùn."

"That's just how we talk. Wọ́n á sọ tiwọn, I say mine."

Mo ní, ó gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó ní òun gbọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nǹkan kan. Kò wojú mi, ó ṣáà ń ká báńdéèjì náà jọ.

"Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. I couldn't correct you in front of her. And you didn't lie. Ohun tí Kuya sọ náà lẹ sọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tọ́jú sílẹ̀ fún kóòtù nìyẹn, ọmọ náà gbà á lẹ́nu mi, ó fi gbè mí. Mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dúró de ọjọ́ tí Kuya máa gbọ́. Kò gbọ́. Mo lè rìn dé ọ̀dọ̀ Màmá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n jókòó, kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo tún fi gbé ní Castleridge, mi ò rin ìṣẹ́jú márùn-ún náà. Tí mo bá rí Màmá níbi bọ́ọ̀sì, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Màmá kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà, ọmọ náà kò sì rú u. Ó ń bá Kuya kọ́ àwọn ọmọdé, ó ń bá àwọn míì dúró nígun. Nígbà tí Màmá fi máa padà sí Nàìjíríà, tí wọ́n sì papòdà, òun náà ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ní ebi ìjà ti kúrò nínú òun. Kò wọ àgò rí.

Èmi wá rí iṣẹ́ nígbà tí nǹkan rọjú díẹ̀, iṣẹ́ omi ìlú, kò kan epo mọ́. Ìjà tèmi kò kọjá ẹyọ kan yẹn. Kuya kó lọ sí ibi tó tóbi, nítòsí àdúgbò Savanna, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé síbẹ̀ àti ní àdúgbò Cityscape sì ń kó ọmọ wọn wá fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà níbẹ̀ ló máa ń pe àwọn òbí jọ, á ní kí wọ́n wo ọkùnrin yìí, pé mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà kan nítorí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ mi, pé irú ọkàn tí òun ń fẹ́ nínú ilé òun nìyẹn. Ọmọ náà á wà níbẹ̀, á máa di báńdéèjì fún àwọn ọmọdé, kò ní sọ nǹkan kan.

Ní oṣù tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Irun Kuya ti funfun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ọmọ mi sì dúró tì mí, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ pé bàbá òun tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fara dà á. Mo fẹ́ sọ ọ́, English sá fún mi. Mo yíjú sí ọ̀gbẹ́ni tó ti di géńdé níwájú mi yẹn, mo fi Yorùbá sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Kuya pé èmi ni mo bà á jẹ́ fún ẹ lọ́dọ̀ Màmá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Owú ló ń jẹ mí."

Kuya bi í pé kí ni mo sọ. Ó wò mí, ó wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"He says thank you, Kuya. He says you were good to him."

Kuya gbá mi mọ́ra. Mo rí ọmọ náà láti orí èjìká rẹ̀, ó ti padà sídìí báńdéèjì tó ń dì, mo sì tún jowú rẹ̀, torí mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni, èmi ì bá ti sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà.

A wọ mọ́tò. Ọmọbìnrin mi kì í dá mi lóhùn ní Yorùbá láti kékeré, ó sì ti mọ́ mi lára. A ti rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Daddy, that's not what you said."

Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa mọ́tò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ibi páálí inú train títí dé ibi táa jókòó sí yẹn, ní Yorùbá, mi ò gé e kúrú. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó bi mí bóyá inú ọ̀gbẹ́ni náà ṣì ń bí sí mi. Mo ní mi ò mọ̀, mi ò bi í rí. Ó ní ká padà lọ bi í. Snow ti ń bọ́ sórí gíláàsì. Mo tan mọ́tò, mo sì yí i padà.